Àmì Iwájú Oògùn Ìyá

Wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣe fìdáù ọjọ́ kẹjọ tán ní àdúgbò Aboabo, ṣùgbọ́n ojú Alhaji Zúbàírù kò kúrò lára Mùnírà, ìyàwó ọmọ rẹ̀.

Oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru ìyàwó Alhaji tó kú ṣì kún inú ike.

Bẹ́ẹ̀, lórí ìkànnì fóònù tí Jímọ̀h ọmọ rẹ̀ to iṣẹ́ ilé sí fún gbogbo wọn, àmì pé wọ́n ti ṣe é wà níwájú oògùn náà lójoojúmọ́.

"Mùnírà, ta lò ń purọ́ fún?"

"Wàláhì, Bàbá, tí mo bá ti rí àmì níbẹ̀, mo máa ń rò pé ẹnìkan ti fún Ìyá lóògùn ni."

Jímọ̀h tẹ fóònù, ó wo orúkọ ẹni tó ń fi àmì sí i.

"Bàbá, ẹ̀yin ni."

Alhaji gba fóònù náà wò.

"Mo kàn fi ń sọ pé mo ti kà á ni."