Ládiípọ̀ àti Omi Ṣúgà Ballycoolin

Ẹ má fojú fò ó o. Ẹ ka ìtàn yìí dé òpin, pàápàá ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti sọ kọ̀ǹpútà di ẹ̀gbọ́n.

1. Ọdún 2004 ni, nígbà tí iṣẹ́ pọ̀ ní Dublin. Ládiípọ̀ ń ṣe ẹnjiníà nílé iṣẹ́ kan ní Ballycoolin tí wọ́n ti ń se omi ṣúgà tó ki fún àwọn oníbisikíìtì. Iṣẹ́ tirẹ̀ ni láti fi kọ̀ǹpútà sọ tẹ́lẹ̀ bí omi náà yóò ṣe ṣàn nínú páìpù, kí wọ́n tó ra pọ́ǹpù. Ọ̀gá ti ṣèlérí pé bí páìpù tuntun tó gba ìta kọjá bá ṣiṣẹ́, Ládiípọ̀ ni yóò di olórí ẹ̀ka wọn. Ó ti fóònù ìyá rẹ̀ n'Ìbàdàn pé ọ́fíìsì ńlá ń bọ̀!

2. Antí Karimot, tó ti ń yí fáàfù tó ń ṣí páìpù níbẹ̀ tipẹ́, yẹ ìṣirò náà wò.

"Ládi, inú ilé tó móoru lo ti wọn omi yìí. January ńkọ́?"

"Antí mi, kọ̀ǹpútà ti ṣírò òtútù mọ́ ọn."

"Ó ti fọwọ́ kàn án rí?"

"Kọ̀ǹpútà ò lọ́wọ́ o!"

"Ohun tí mò ń sọ nìyẹn. Bu díẹ̀ sí fíríìjì, ká wò ó."

"Kò sáyè, Antí. It's grand."

Ẹ wò ó, ìṣirò omi tó ń ṣàn wéréwéré ló lò. Inú ìyẹn, àwọn ẹ̀yà tíntìntín ráàyè rìn, bí èèyàn mẹ́wàá nínú mọ́ṣáláṣí. Omi tó ki dà bí ọjọ́ Iléyá: kó o tó dé ìdí bàtà rẹ, o ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jìjàkadì. Bẹ́ẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ náà gan-an, Ládiípọ̀ mú epo pupa jáde nínú press, kọ́bọ́ọ̀dù ilé ìdáná, ó ti dì gbagidi, ó rì í sómi gbígbóná kó tó lè dà á!

3. January dé, yìnyín bolẹ̀. Wọ́n tan pọ́ǹpù. Ó kérora, ó kérora, páìpù bá bẹ́ ní oríkèé. Omi ṣúgà dà sílẹ̀, bàtà ọ̀gá lẹ̀ mọ́ ọn.

"Ládi, ṣé o dán yoke yìí, nǹkan yìí, wò nínú òtútù?" ọ̀gá bi í.

Ruth, ẹnjiníà ẹgbẹ́ rẹ̀, ni wọ́n fi ṣe olórí. Ìyá rẹ̀ sì fóònù: "Ọ́fíìsì ńlá yẹn, ṣé ó ní fèrèsé?"

"Màámi, ẹ ṣì máa gbàdúrà."

4. Wọn ò lé e, àmọ́ ọ̀dọ̀ Antí Karimot ni wọ́n ní kó lọ máa ṣiṣẹ́. Ife tó ní ihò nídìí àti aago ni wọ́n fi ń wọn omi: bó bá ṣe pẹ́ kó tó jò tán ló ṣe ki tó. Wọ́n wọ̀n ọ́n nínú ooru, wọ́n wọ̀n ọ́n nínú òtútù. Ládiípọ̀ kó o fún kọ̀ǹpútà, ìṣirò sì bọ́ sójú ẹ̀. Wọ́n ra pọ́ǹpù tó lágbára, wọ́n fi wáyà tó ń gbóná wé páìpù. Ní February, omi ṣúgà ń lọ gẹ̀rẹ̀gẹ̀rẹ̀.

"Kọ̀ǹpútà ti wá lọ́wọ́," Antí wí.

"Ọwọ́ yín ni, Antí." Ládiípọ̀ rẹ́rìn-ín. Kò ní ọ́fíìsì, ṣùgbọ́n ó ń sùn dáadáa.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ kàwé, ẹ ṣọ́ra. Ìṣirò dára, àmọ́ ẹ kọ́kọ́ fọwọ́ kan nǹkan, kẹ́ ẹ sì bi ẹni tó ti ń fọwọ́ kàn án léèrè. Ọgbọ́n ọlọ́gbọ́n ni kì í jẹ́ ká pe àgbà ní wèrè.