Ẹ̀rọ Kì í Panu Mọ́

Bàbá Fọ́-ọ ni wọ́n ń pè é, torí bí ìwàásù rẹ̀ ṣe máa ń parí nìyẹn: "Ẹ fọ́ ọ." Ó ní ẹ̀rọ ti sọ ènìyàn di ẹrú, ọwọ́ ti gbàgbé iṣẹ́, ẹni tó bá sì fi irin gbẹ́mìí ró ti kú tipẹ́. Kóòtù rẹ̀ nípọn, kì í bọ́ ọ nínú oòrùn. Ẹnu rẹ̀ kì í sinmi: bí kò bá wàásù, á máa kọrin.

Bí àwọn ọmọlẹ́yìn rẹ̀ bá wọ ilé kan láti wá ẹ̀rọ, wọn kì í bi onílé ní ìbéèrè. Wọ́n á dúró, wọ́n á tẹ́tí. "Ẹ̀rọ kì í panu mọ́," ni Bàbá fi kọ́ wọn. Wọ́n fọ́ ẹ̀rọ ìlọta, wọ́n sì fọ́ orí ẹni tó ni ín mọ́ ọn.

"Ọjọ́ ti pẹ́ tí mo ti ń pa ẹran," alápatà tó ń bá wọn gbé àáké wí, "irú èyí tí kò lẹ́jẹ̀ yìí ni mi ò tíì rí."

Lọ́jọ́ tí òjò lé wọn kúrò ní ìwàásù, wọ́n gbọ́ kẹ̀kẹ̀kẹ̀ nílé Bàbá fúnra rẹ̀. Ìyàwó rẹ̀ aránṣọ ló gbé maṣíìnì ìránṣọ tí ìyá rẹ̀ fi sílẹ̀ fún un, tó fi ń bọ́ gbogbo ilé, pamọ́ sẹ́yìn àpótí.

"Ọlọ́wọ́ orí mi, ẹ ṣàánú. Òun ni mo fi bọ́ yín nígbà tẹ́ ẹ wà ní ọsibítù."

"Ṣé irin ló bí ẹ ni?"

Bàbá gba àáké. Ó rún maṣíìnì náà wómúwómú. Aránṣọ nawọ́ dí i, àáké sì bọ́ lé ìka rẹ̀ méjì. Ẹ̀jẹ̀ ta sára aṣọ tí kò tíì rán tán.

Bàbá jókòó, ó ń mí gúlegúle, kò lè kọrin. Ilé pa rọ́rọ́.

"Ẹ dákẹ́ ná," alápatà ní. "Ó ku òmíràn. Kì, kì, kì. Ẹ ò gbọ́ ni?"

Wọ́n dojú bẹ́ẹ̀dì dé, wọ́n tú àpótí.

"Ẹ máa lọ sílé yín," Bàbá wí, ó di kóòtù rẹ̀ mú. "Iṣẹ́ ti parí."

"Bàbá, ẹ̀yin lẹ ní ká má dá ọ̀kan sí, ì báà jẹ́ lábẹ́ ìrọ̀rí yín."

"Ẹ má wulẹ̀ tú ilé mọ́," aránṣọ wí. "Ẹ sún mọ́bí, kẹ́ ẹ tẹ́tí."

Ó fi ọwọ́ tó kù já bọ́tìnì kóòtù ọkọ rẹ̀, wọ́n sì rí àpá gígùn níbi tí dókítà ti la àyà Bàbá, tó fi irin kékeré tó ń ṣí tó ń tì, kì, kì, kì, sínú ọkàn rẹ̀.