Ọgbọ̀n Òdo

Lọ́sàn-án Ọjọ́rú kan, ọmọkùnrin ọdún mẹ́rìnlá kan bì sínú ọkọ̀ ilé ìwé. Ọtí ló bì. Ó bì í sórí ìjókòó, ó bì í sínú báàgì ẹni tó jókòó tì í, èyí tó kù sì ń ṣàn lọ sábẹ́ ẹsẹ̀ awakọ̀. Awakọ̀ náà, tí àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ń pè ní Rọra nítorí pé kì í sáré, ló fi ọwọ́ ara rẹ̀ fọ ọkọ̀ náà mọ́. Nígbà tó délé, kò lè jẹun.

"Ó kó mi nírìíra," ó sọ fún ìyàwó rẹ̀, ẹni tó ń ránṣọ ní pálọ̀. "Ọmọ tí ò tíì lè fọ ṣòkòtò ara ẹ̀! Òórùn yẹn ò tíì kúrò nímú mi."

"Ẹ pẹ̀lẹ́ o. Àwọn òbí ẹ̀ ńkọ́?"

"Òbí wo? Ṣé ọmọ tó lóbìí ló máa ń rùn báyẹn?"

Ó wo ilẹ̀kùn yàrá ọmọ rẹ̀ obìnrin. Ọmọ ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ni, òun nìkan ni wọ́n sì bí.

Wọ́n pe àwọn òbí sípàdé nílé ìwé lórí ọ̀rọ̀ náà. Ọ̀gá ilé ìwé ní kí wọ́n mọ àwọn ọ̀rẹ́ ọmọ wọn, kí wọ́n máa bá ọmọ sọ̀rọ̀ kí ará ìta tó bá a sọ ọ́, kí àwọn fúnra wọn sì máa hùwà tí ọmọ lè wò kọ́. Rọra kọ méjì àkọ́kọ́ sínú ìwé, ó sì dé bírò rẹ̀.

Láàárọ̀ Ọjọ́ Ajé, ó na bàlúùnù pupa kan sí ọmọ rẹ̀.

"Fẹ́ ẹ, Ìyá mi. Kó kún dáadáa."

"Kí ni mo fẹ́ fi bàlúùnù ṣe láàárọ̀ kùtù, Dádì?"

"Ẹ̀rọ kan wà níbi iṣẹ́ wa. Téèyàn bá ti mutí, á mọ̀ ọ́n látinú èémí ẹ̀; tí ò bá mu, òdo ló máa kọ síwèé. N ó gbé tìẹ lọ. Kékeré la ti ń pẹ̀ka ìrókò."

"Ṣé ẹ ò gbà mí gbọ́ ni?"

"Tí mo bá ti rí òdo ọgbọ̀n, mi ò ní yẹ̀ ọ́ wò mọ́. Màá gbà ọ́ gbọ́. Mo ṣèlérí."

Ọ̀rọ̀ yẹn ni ọmọ náà ń fẹ́ gbọ́ ju ohunkóhun lọ. Ó fẹ́ bàlúùnù náà. Rọ́bà rẹ̀ korò, lẹ́búlẹ́bú funfun kan sì lẹ̀ mọ́ ọn láhọ́n. Bàbá rẹ̀ fi òwú ìránṣọ so ó lẹ́nu, ó fi í há abíyá lábẹ́ jákẹ́ẹ̀tì kó má baà tutù. Ó ju súìtì méjì sẹ́nu, ó mú fúláàsì tíì rẹ̀ tí kì í jẹ́ kí ẹnikẹ́ni bá òun fọ̀, ó sì lọ síbi iṣẹ́.

Nírọ̀lẹ́, ó mú ìwé pélébé kan bọ̀. Òdo ló wà lára rẹ̀. Ọmọ náà lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri ilé ìdáná.

"Dádì, nọ́ńbà iṣẹ́ yín ló wà lókè ẹ̀."

"Ta ló gbé e débẹ̀? Àbí ìwọ lo gbé e?"

Àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta rẹ́rìn-ín.

Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń ṣe é láti Ọjọ́ Ajé dé Ọjọ́ Ẹtì. Ní Sátidé kan, ọmọ náà lọ síbi ọjọ́ ìbí ọ̀rẹ́ rẹ̀. Àwọn kan mutí níbẹ̀, òun ò fẹnu kàn án. Láàárọ̀ Sọ́ńdè, ó fúnra rẹ̀ fẹ́ bàlúùnù, ó gbé e wá bá bàbá rẹ̀ lórí bẹ́ẹ̀dì.

"Dádì, tòní gan-an ló yẹ kẹ́ ẹ wò."

"Jẹ́ n sùn jàre," ni bàbá wí, ó kọjú sógiri. Ọ̀sán pọ́n kó tó dìde.

Ìyàwó rẹ̀ ní oníbàárà òun kan ń ta irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀, kí àwọn ra ọ̀kan sílé. Rọra mi orí. Ó ní ti ilé kì í péye.

Nígbà tí òdo pé mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n, òtútù mú ọmọ náà. Ó ń wúkọ́, ikun ń yọ nímú rẹ̀.

"Ẹ jẹ́ ó di ọ̀la, Dádì. Mi ò lè mí dáadáa."

"Fẹ́ ẹ! Ṣé o fẹ́ kí n pẹ́ ni?" Ó na bàlúùnù náà sí i lẹ́nu.

Ó fẹ́ ẹ. Kẹ̀lẹ̀bẹ̀ bá èémí rẹ̀ wọlé, ó sì sáré lọ bì. Bàbá rẹ̀ fi áńkáṣíìfù nu ẹnu bàlúùnù náà, ó so ó, ó sì gbé e lọ. Ìyá náà dúró, ó ń wo áńkáṣíìfù tó fi sílẹ̀ lórí tábìlì.

Láàárọ̀ ọjọ́ tó tẹ̀ lé èyí tó pé ọgbọ̀n, ọmọ náà to gbogbo ìwé náà síwájú bàbá rẹ̀.

"Ó ti pé, Dádì."

Rọra wò wọ́n pẹ́. "O ṣeun, Ìyá mi. Ó ku ọgbọ̀n mìíràn."

Ìyá náà ju sísọ́ọ̀sì sílẹ̀. "Kí lọmọ yìí ṣe fún yín? Ẹ̀rí wo lẹ tún ń wá? Ọ̀rọ̀ yín ti sú mi o!"

"Ṣé kí n fi í sílẹ̀ kó dà bí èyí tó bì sínú ọkọ̀ mi?"

Ọmọ náà gba bàlúùnù. Ó fẹ́ ẹ tomijétomijé. Lẹ́yìn náà ó tutọ́ sínú básíà, ó tún un tu, kò sì wo ojú bàbá rẹ̀.

Olùṣọ́ ẹnu géètì kí Rọra níbi iṣẹ́. "Ẹ káàárọ̀ o. Ọmọ ńkọ́?"

"Ó wà. Mò ń fi ojú méjèèjì ṣọ́ ọ."

Ó wọ yàrá kékeré tí ẹ̀rọ náà wà, ó sì ti ilẹ̀kùn.

Ó fi ẹnu bàlúùnù náà bo ihò tí gbogbo awakọ̀ gbọ́dọ̀ fẹ́ èémí ara wọn sí kí wọ́n tó gba kọ́kọ́rọ́, ó rọra tẹ èémí ọmọ rẹ̀ wọ inú rẹ̀ títí ìwé òdo fi jáde, ó ṣí fúláàsì rẹ̀, ó mu ọtí inú rẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́ta, ó ju súìtì sẹ́nu, ó sì jáde lọ kó ogójì ọmọ lọ sílé ìwé.