Ìdérí Ìgò Oògùn

"Ẹ tún fẹ́ dín oògùn ẹ̀ kù?" Púlọ́mbà nàka sí dókítà. "Ìgbà tẹ́ ẹ dín in kù lọ́jọ́sí, ìyàwó mi ò lè di ṣíbí mú!"

"Bàbá, oògùn yìí ń jẹ eegun wọn," ni dókítà obìnrin náà wí. "Àmọ́ bí àìsàn oríkèé yìí bá yọ́ padà wá, kíndìnrín ló máa lọ bá. Àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ wọn dáa, ṣùgbọ́n ọwọ́ ló máa ń kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. Ìgò oògùn yìí ni kẹ́ ẹ máa ṣọ́ láràárọ̀. Ẹ má bá wọn ṣí i o. Ọjọ́ tí ìdérí rẹ̀ bá ti le jù fún wọn, ẹ gbé wọn wá kíá."

"Ẹ dín in kù jàre," ni ìyàwó dá sí i. "Ojú mi ti wú bíi búrẹ́dì. Ọkọ mi ò mọ ẹni tó ń bá sùn mọ́."

Nọ́ọ̀sì rẹ́rìn-ín. Púlọ́mbà ò rẹ́rìn-ín.

Ó ṣọ́ ìgò náà bí ológbò ṣe ń ṣọ́ eku. Aláájò ọkọ ni. Látìgbà tí àìsàn náà ti dé, kò sí ẹ̀rọ omi tó le nínú ilé wọn, kò sí ilẹ̀kùn tó ń há. Láràárọ̀, á káwọ́ sẹ́yìn, ìyàwó á fi àtẹ́lẹwọ́ yí ìdérí, á sì ṣí.

"Ṣé ẹ rí i? Mo ti padà di ọmọge."

Dókítà dín oògùn kù, ó tún dín in kù. Ojú obìnrin náà padà sí bó ṣe wà lọ́jọ́ ìgbéyàwó. Lẹ́yìn náà ni ẹsẹ̀ rẹ̀ wú. Kí wọ́n tó gbé e dé ọsibítù, kíndìnrín ti bàjẹ́.

Ìsìnkú parí, Púlọ́mbà já wọ ọ́fíìsì dókítà, ó fọwọ́ gbá tábìlì.

"Ẹ̀yin lẹ pa á!"

"Bàbá, ẹ sọ fún mi pé wọ́n ń ṣí ìgò."

"Ó ń ṣí i! Ojú mi méjèèjì ló ṣe! Mi ò fọwọ́ kan ìgò náà láàárọ̀ rí! Ilé ẹjọ́ ló máa bá wa yanjú ẹ̀."



Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, Púlọ́mbà ń bú dókítà náà bó ṣe ń lọ káàkiri ilé: ó dẹ ìdérí ike ìpara, ó dẹ ti ìgò òróró, ó dé ìdí ìgò oògùn, ó dẹ ìdérí tiẹ̀ náà kó lè rọ ìyàwó rẹ̀ lọ́rùn láàárọ̀, gẹ́gẹ́ bó ṣe máa ń ṣe ní gbogbo ìrọ̀lẹ́ látìgbà tí àìsàn náà ti dé. Àfi bí ọwọ́ rẹ̀ ṣe dúró lórí ìdérí náà.