Orúkọ Àárọ̀

Ní kíláàsì kejì ilé ìwé kan, Yorùbá ni wọ́n fi ń kọ́ àwọn ọmọ láàárọ̀, Gẹ̀ẹ́sì lẹ́yìn oúnjẹ ọ̀sán. Ohun tí télọ̀ ń fún ọmọ rẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́ nílé ni lọ́yà ń sanwó fún láàárọ̀. Ohun tí lọ́yà ń fún tirẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́ ni télọ̀ ń ránṣọ mọ́jú fún. Obìnrin ni ọmọ àwọn méjèèjì. Bẹ́ńṣì kan náà ni wọ́n ń jókòó sí.

Lọ́yà ni alága ẹgbẹ́ òbí. Ó ti sọ lórí rédíò pé èdè tí òbí kò bá sọ sí ọmọ létí ti ń kú lọ nìyẹn. Gẹ̀ẹ́sì ló fi sọ ọ́. Ìyàwó rẹ̀ ń ṣiṣẹ́ nílùú mìíràn, nítorí náà òun àti ọmọ rẹ̀ nìkan ló ń gbélé, bí a bá yọ àwọn tó máa ń kún pálọ̀ rẹ̀ kúrò: oníbàárà, oníròyìn, àwọn tó ń wá ipò. Lálaalẹ́ ni ọmọ á jáde sí wọn, á ní, "Ẹ káalẹ́, sà. Ẹ kú ìjókòó." Wọ́n á pàtẹ́wọ́. Bí ọmọ bá fẹ́ sọ nǹkan mìíràn, lọ́yà á ní kó máa lọ sùn, òun ní àlejò.

Olùkọ́ àárọ̀ kò fẹ́ràn orúkọ inú rẹ́jísítà. Ó ní kí ọmọ kọ̀ọ̀kan lọ bi àwọn ará ilé rẹ̀ léèrè, kó mú ọ̀rọ̀ Yorùbá kan tó dùn mọ́ ọn wá, òun ni wọn yóò máa fi pè é títí di ọ̀sán. Báyìí ni wọ́n ṣe ní Òdòdó, wọ́n ní Ìmọ́lẹ̀, wọ́n sì ní ẹnì kan tó ń jẹ́ Ẹ̀pà. Nígbà tí ọmọ lọ́yà béèrè tirẹ̀, bàbá rẹ̀ wà lórí fóònù. Ó ní kó yan èyí tó bá wù ú.

Nígbà tó kù ọ̀sẹ̀ kan tí àwọn ará ìjọba máa wá wo kíláàsì náà láàárọ̀, lọ́yà pe ìpàdé òbí sí gbọ̀ngàn ilé ìwé. Ó kọ́kọ́ rán wọn létí òfin tí òun fúnra rẹ̀ ṣe: kí ojú má bàa ti ẹnikẹ́ni, a kì í sọ pé ọmọ báyìí ni ti ẹni báyìí. Orúkọ àárọ̀ nìkan ni kí wọ́n máa lò.

Oníbáńkì kan ní ilé òun ti yí padà. Ọmọ òun ti ń kí ẹ̀ṣọ́ ẹnu géètì ní Yorùbá. Télọ̀ ní ti òun yàtọ̀. Ọmọ òun ti ń tún Gẹ̀ẹ́sì òun ṣe níwájú oníbàárà. Ó ń dùn mọ́ òun, ó sì ń ta òun. Wọ́n rẹ́rìn-ín. Olùkọ́ yin Ìmọ́lẹ̀, ó ní kò sí ìwé tí kò lè kà sókè. Lọ́yà tún táì rẹ̀ ṣe.

Oníbáńkì wá ní ìṣòro kan ló kù, Àlejò. Láti ìgbà tí ọdún ti bẹ̀rẹ̀, kò tíì la ẹnu láàárọ̀. Bó bá kàn án láti kàwé, á máa wo fèrèsé, gbogbo kíláàsì á sì dúró dè é.

"Orúkọ ń roni," ni lọ́yà wí. Wọ́n tún rẹ́rìn-ín. Ó ní ẹjọ́ ọmọ kọ́. Ọmọ tí wọn kò bá bá sọ̀rọ̀ nílé, kí ni wọ́n fẹ́ kó sọ níléèwé? Ó ní àwọn òbí kan wà tí ẹ̀rọ ìránṣọ ni wọ́n ń bá sọ̀rọ̀ tọ̀sán-tòru. Gbogbo ojú yí sí télọ̀.

Télọ̀ dìde. "Ẹ jọ̀ọ́, sà. Ọmọ náà ò yadi. Gbogbo ẹ̀ ló ń gbọ́. Ẹ fún un lóṣù kan sí i, èmi fúnra mi á máa bá a sọ̀rọ̀ ní ṣọ́ọ̀bù."

"Ìyá wa, a ò bá yín jà. Àánú ọmọ náà ló ń ṣe yín."

Télọ̀ fẹ́ fèsì. Lọ́yà rán an létí òfin.

Olùkọ́ náà dìde, ó ní bóyá kí òun àti alága kọ́kọ́ jáde síta díẹ̀.

"Ọ̀rọ̀ ọmọ gbogbo wa, níwájú gbogbo wa ni," ni lọ́yà wí. Olùkọ́ wo ọ̀gá ilé ìwé, ọ̀gá wo ilẹ̀.

Lọ́yà ní ọmọ náà á lọ sí kíláàsì mìíràn tí kò ti sí Yorùbá rárá. Bó bá ti kúrò, kò ní padà. Àlejò kúkú ni, ó ní, ibi kan ni yóò kọrí sí. Wọ́n nawọ́. Télọ̀ àti olùkọ́ nìkan ni kò nawọ́.

Ọ̀gá bi lọ́yà pé ṣé ó dá a lójú.

"Kí wọ́n mú un wá báyìí," ni lọ́yà wí, "kí ẹni tó ni ín kúkú mú un lọ sílé." Ó na áńkáṣífù rẹ̀ sí télọ̀. Télọ̀ kò gbà á.

Ọmọ méjì ni olùkọ́ mú wọlé. Ìmọ́lẹ̀, tó bá ẹnìkejì rẹ̀ gbé báàgì, gbé e kalẹ̀, ó sì lọ dúró ti ìyá rẹ̀, télọ̀. Ẹnìkejì rìn dé iwájú tábìlì alága.

"Ẹ ní kí n yan èyí tó bá wù mí, Dádì," ni ọmọ lọ́yà wí, ní Yorùbá tó já geere, "mo sì mú Àlejò, torí àwọn nìkan lẹ máa ń ráyè fún."