Orúkọ Tó Fẹ́ Fi Sílé

Fadá ti gbé ife omi sókè kí ìyàwó atúnkẹ̀kẹ́ṣe tó ní, "Fadá, ẹ dákun, ẹ dúró ná."

Bí gbogbo àdúgbò etí òkun Mokpo, ní Kòríà, ṣe ń pè é nìyẹn, ìyàwó atúnkẹ̀kẹ́ṣe. Nílé, Ìyá Gyuho ni. Oṣù mẹ́ta ló fi wá orúkọ ìsàmì kó tó mú Mònika, torí pé ojú ń tì í láti dárúkọ tí bàbá rẹ̀ sọ ọ́.

"Àbí o ti gbàgbé Mònika ni?" Oksun, ìyá ìsàmì rẹ̀, bi í. "Ìwọ tó o fi dá mi lágara!"

"Mi ò gbàgbé. Malja lorúkọ mi."

Àwọn kan rẹ́rìn-ín. Orúkọ tí bàbá tí ọmọbìnrin ti sú máa ń sọ ọmọ ni; ìtumọ̀ rẹ̀ ni ọmọ ìkẹyìn, pé ó tó gẹ́ẹ́.

"Mònika wá ńkọ́?" Fadá béèrè.

"Ẹ fi kún un bó bá wù yín. Àmọ́ bó bá jẹ́ Mònika nìkan lẹ bomi sí lórí, Malja á kàn máa wòran ni. Ṣebí òun lẹ ní Ọlọ́run fẹ́ràn?"

Fadá náà rẹ́rìn-ín, ó sì da omi lé e lórí. "Malja Mònika..."

Bó ṣe ń nujú, ọkọ rẹ̀ ké láti orí bẹ́ǹṣì: "Malja!"

Ó ti tó ogójì ọdún tó ti pè é bẹ́ẹ̀ gbẹ̀yìn.

"Kí ló dé, Bàbá Gyuho?"

"Kò sí nǹkan kan. Mo kàn ń pè ọ́ ni."