Akíntáyọ̀ Àti Agogo Tí Kò Dún

Akíntáyọ̀ kì í jẹ́ kí èèyàn parí ọ̀rọ̀. Bí o bá ti lanu, ó ti mọ ohun tí o fẹ́ sọ. Ọmọ Òǹdó ni, ó ń kọ ètò kọ̀ǹpútà ní Siluko Road nílùú Benin, ó sì ń yan bí ẹni pé òun ló kọ́ kọ̀ǹpútà ní A, B, D.

Lọ́dún 2009, Ìyáàfin Ọláníkẹ́ fi iṣẹ́ tíṣà sílẹ̀, ó ra ẹ̀rọ tó ń bá adìyẹ sàba sí Upper Sakponba. Ibẹ̀ ni gbogbo ìrètí rẹ̀ wà. Ó wá bá Akíntáyọ̀ pé kó kọ ètò agogo ìkìlọ̀ fún ẹ̀rọ náà.

"Ẹ́ńjiníà, kí agogo máa dún tí ooru bá pọ̀ jù àti tí ó bá kéré jù. Ṣùgbọ́n kí n tó kó ẹyin sí i, ẹ jẹ́ ká..."

"Ó ti yé mi, Màmá. No worry."

Ká dán an wò ni obìnrin náà fẹ́ sọ. Ta ló máa gbọ́?

Tóyọ̀sí, tí wọ́n jọ ń lo ṣọ́ọ̀bù, yọjú wo iṣẹ́ náà. "Bọ̀ọ̀dá, 'àti' lẹ kọ síbẹ̀. Lójú kọ̀ǹpútà, àfi kí ooru pọ̀ jù, kó sì tún kéré jù lẹ́ẹ̀kan náà, kí agogo tó dún. 'Tàbí' ló yẹ."

"'Àti' ni màmá sọ. Abeg, face your work."

Òpònú! Òótọ́ ni pé bí apá kìíní "àti" bá ti já sí irọ́, kọ̀ǹpútà kì í wo apá kejì mọ́. Ṣùgbọ́n kọ̀ǹpútà mọ ìdí tó fi ń ṣe bẹ́ẹ̀. Ìgbéraga lásán ni kì í jẹ́ kí Akíntáyọ̀ gbọ́ apá kejì ọ̀rọ̀.

Ìyáàfin Ọláníkẹ́ gbà á gbọ́, ó kó ẹyin sínú ẹ̀rọ. Lọ́jọ́ Sunday kan, nígbà tí obìnrin náà wà ní ṣọ́ọ̀ṣì, ooru ẹ̀rọ náà ru sókè. Ooru pọ̀ jù, kò kéré jù, nítorí náà agogo dákẹ́. Kí obìnrin náà tó dé, gbogbo ọmọ adìyẹ ti kú sínú ẹyin.

Nípàdé ẹgbẹ́ ọmọ Òǹdó, Akíntáyọ̀ wà lórí ìdúró, ó ń fi agogo yẹn gan-an yangàn, ni Ìyáàfin Ọláníkẹ́ bá wọlé. Ó fọ́ ẹyin kan síwájú rẹ̀. Ọmọ adìyẹ tó ti hu ìyẹ́ ló jábọ́, òkú.

"Màmá, ohun tí ẹ sọ fún mi ni pé..."

"Ó ti yé mi," ni obìnrin náà wí, omijé lójú. "Ẹ jókòó."

Láti ọjọ́ náà, bí Akíntáyọ̀ bá ti dìde nípàdé, tọmọdé tàgbà á ké pé, "Ó ti yé wa!" Oníbàárà ò yà sọ́dọ̀ rẹ̀ mọ́. Tóyọ̀sí ló tún agogo náà ṣe, ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ló sì yí padà. Akíntáyọ̀ ń ta káàdì fóònù níwájú ṣọ́ọ̀bù báyìí, kò sì sẹ́ni tó ń jẹ́ kó parí gbólóhùn kan.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ máa ń gbọ́n ju ẹni tó ń bá yín sọ̀rọ̀, ẹ kọ́gbọ́n. "Àti" ẹnu èèyàn lè jẹ́ "tàbí" nínú ẹ̀rọ, ẹni tó bá sì gbọ́ ọ̀rọ̀ dópin nìkan ló lè mọ̀ ọ́n. Ẹ jẹ́ kí èèyàn parí ọ̀rọ̀, kẹ́ ẹ sì dán iṣẹ́ yín wò kẹ́ ẹ tó fi í yangàn.